Apá Òsì Ló Máa Ń Rẹlẹ̀

Láràárọ̀ Ọjọ́rú, bọ́ọ̀sì á já mi sílẹ̀ létí òkun ní Morecambe,
atẹ́gùn á fẹ́ gba wíìgì lórí mi,
èmi náà á dì í mú bí owó ilé.

Irun Màmá Hilda ju àga lọ.
Bó bá jókòó, irun á kan kápẹ́ẹ̀tì,
á tún fi ìka mẹ́ta ṣẹ́rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀.
Funfun ni, àmọ́ kì í ṣe funfun òwú;
funfun omi ìrẹsì tó sùn mọ́jú ni.

Ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé mi: ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta.
Wẹ̀ ẹ́. Fún un lóògùn. Po tíì. Buwọ́ lùwé.
Wọn ò kọ irun síbẹ̀.
Nọ́ọ̀sì ní ká gé e. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Leeds ní ká gé e.
Màmá gbé kóòmù sáyà, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Fọ́tò kan wà lórí dírẹ́sà, ti ọdún 1944:
ọmọbìnrin méje níwájú ilé ìhunṣọ ní Nelson,
wọ́n ká irun iwájú sókè bí ẹní tí a ká lẹ́yìn oorun,
ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ihò àárín rẹ̀ gba àtàǹpàkò;
wọ́n hun tẹ̀yìn, wọ́n fi yí orí ká bí òṣùká.
“Ẹ̀rọ ló kọ́ wa,” ni Màmá wí.
“Bẹ́líìtì rẹ̀ kì í bèèrè ọmọ ẹni tó fẹ́ mú.
Ó mú Elsie Crabtree lọ́jọ́ Ajé kan…”
Kò parí rẹ̀. Ó ní kí n fi ṣúgà méjì sí tíì òun.

Èmi tí mo mọ ṣùkú, tí mo mọ kòlẹ́sẹ̀,
tí ìyá mi fi orúnkún há lórí ní Ìkìrun
títí etí mi fi gbóná,
mo dé ìdí irun yìí, mo di ọ̀gbẹ̀rì.
Ó ń yọ̀ bọ̀rọ̀.
Irun tèmi a máa jiyàn, àmọ́ bó bá gbà, ó gbà nìyẹn;
tiẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀kankan.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó tú kí n tó dé ẹnu ọ̀nà.
Ọ̀sẹ̀ kejì, a fi omi ṣúgà pa á, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà ogun;
oyin kan tẹ̀ lé wa káàkiri yàrá.
Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo há pínnì mẹ́rìndínlógún sẹ́nu,
mo fi ìka méjì ṣe ọ̀pá, mo ká a, mo ká a,
mo tì í bọlẹ̀, mo há a. Ó dúró.
Mo hun tẹ̀yìn,
mo yí àga po lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí ìdí rẹ̀.
Àkókò ti kọjá tipẹ́.

Ó wo dígí bí ẹni ń ka lẹ́tà.
“Kò bára mu,” ni mo wí. “Apá òsì rẹlẹ̀.”
“Apá òsì ló máa ń rẹlẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá mi.”
Mo wo fọ́tò. Òótọ́ ni.
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ti ń wò ó, n ò rí i.

“Yọ nǹkan yẹn,” ó nawọ́ sí wíìgì mi.
Ọdún mẹ́ta rèé tẹ́nìkan ti rí orí mi nílẹ̀ yìí.
Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí;
ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni.
Mo jókòó sílẹ̀, láàárín orúnkún méjì tó tutù.
Ìka tó ń gbọ̀n wọ inú irun mi kúkúrú,
ó mú ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sọ ọ̀kan nù, ó tún un mú,
ó hun ún bí aṣọ.
Ó dé ìdajì, ó sùn.

N ò tú u. Mo wọ bọ́ọ̀sì, wíìgì nínú báàgì;
atẹ́gùn òkun wá ohun tó máa gbà, kò rí.
Ọ̀gá pè: kí ló dá mi dúró?
Mo ní à ń wá pínnì kan.
Kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá:
mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lórí Màmá,
èyí tó kù wà lórí tèmi,
ó ń di ìdajì yẹn mú.